Ọmọ ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, ọ̀rọ̀ ni kò jáde: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ràmátù (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Kétu, Pobè, Sákété, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo bá wá. Ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Kò sí iṣẹ́ tí mo rán an tí kò lè jẹ́. Mo lè ní, "Lọ bá mi mú igbá tó wà lẹ́yìn ìkòkò wá, má mú èyí tó fọ́," ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló máa gbé e dé. Bí àwọn àgbà bá ń ṣe àwàdà, ibi tó yẹ ká ti rẹ́rìn-ín gan-an ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ máa ń wá ọ̀nà kiri. Á la ẹnu, á pa á dé, á yọ ahọ́n, kí nǹkan kan tó jáde. "Omi" lè di "mi" láàárọ̀, kó di "bobi" lọ́sàn-án, kó di "oni" lálẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù: lọ́jọ́ kan àbúrò rẹ̀ fà á nírun, ló bá pariwo, "Fi mí sílẹ̀!" Ó já gaara. Mo ní kó tún un sọ, kò lè sọ ọ́ mọ́. Ó gbìyànjú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní ká lọ gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Nílé ìwé, wọ́n ní Yorùbá àti Faransé tí a pa pọ̀ ló dàrú mọ́ ọn lórí, kí n fi Yorùbá sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun náà pẹ́ kí òun tó sọ̀rọ̀, kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú èyí rí?

Agbẹ̀bí Pobè

Ìyá Ràmátù, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ má tíì ṣe ohun mìíràn. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ó ń gbọ́, nítorí ó ń jẹ́ iṣẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́n máa ń wo ojú yín, ọwọ́ yín àti ètè yín, á fi kún ìwọ̀nba tó gbọ́. Àwọn kan ń gbọ́ ohùn ìlù àti ohùn ọkùnrin dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ "s" àti "f". Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ORL, ìyẹn dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kí ẹ béèrè àyẹ̀wò tí ọmọ kò ní láti dáhùn níbẹ̀. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn lórí nígbà tó bá sùn, wọ́n á fi ohùn sí i létí, wọ́n á wò ó bóyá ọpọlọ gbọ́ ọ. CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Kùtọnu, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Lẹ́yìn náà, ẹ rántí ìgbà ìkókó rẹ̀. Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé ó pẹ́ kó tó ké nígbà tí ẹ bí i? Ṣé ibà ti mú un débi pé ó dákú tàbí pé gìrì gbé e? Mo ń béèrè nítorí ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́. Bí ibà pọ́njú ìkókó bá le jù, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ojú pọ́n náà á wọ inú ọpọlọ. Ibi méjì ló fẹ́ràn láti bà jẹ́: àwọn ibi tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń bá wa darí ara, àti ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà láti etí dé ọpọlọ. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ariwo kó má lè ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tuntun tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ìkókó. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í gba káńfọ̀, á máa fọ́, ojú á sì pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má sì sọ pé oòrùn àárọ̀ nìkan tó. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ bá ti pọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ibà tó bá wọ ọpọlọ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tán lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá yá. Àwọn oníwádìí ní Kílífì, ní Kẹ́ńyà, tẹ̀ lé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ àti wárápá pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn tí kò ní i rí.

Ìyá Ràmátù (Kétu)

Ẹ ṣeun, Ìyá. Ó ké lójú ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ kò pọ́n. Ibà ti mú un, ṣùgbọ́n kò dákú rí, gìrì kò gbé e rí. Bí bàbá rẹ̀ bá sì pè é láti ẹ̀yìnkùlé, tí kò rí i, ó ń dáhùn, ó ń sáré lọ. Síbẹ̀ màá gbé e lọ fún etí náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ orthophonie (Lomé)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọmọ Kétu ni èmi náà, níbí ní Lomé ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ orthophonie, iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹni tó bá fojú rí ọmọ nìkan ló lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta tí ẹ kọ mú mi dúró: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń jáde lọ́nà mẹ́ta, ẹnu ń wá ọ̀nà kiri, ọ̀rọ̀ tó sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣeé tún sọ nígbà tí ẹ ní kó sọ ọ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ọmọ tí etí rẹ̀ ṣí, ohun tí a máa ń fura sí ni dyspraxie verbale, ìyẹn kí ọpọlọ má lè to ọ̀rọ̀ fún ẹnu. Ó ṣọ̀wọ́n, nǹkan bí ọmọ kan tàbí méjì nínú 1,000.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ètè rẹ̀ kò rọ, ahọ́n rẹ̀ kò kú, òye rẹ̀ pé. Ó mọ̀ pé omi ni òun fẹ́. Ṣùgbọ́n kí "omi" tó jáde, ọpọlọ ní láti pàṣẹ fún èémí, fún ọ̀fun, fún ètè àti fún ahọ́n, kí olúkúlùkù wọn dé lásìkò tirẹ̀, kí ó má ṣíwájú, kí ó má rẹ̀yìn. Ètò yẹn ni kò tò. Ó dà bí ẹni tó mọ orin ìlù látòkèdélẹ̀ nínú orí rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń lù ú. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe rẹ̀ kò fi dúró sójú kan. Ọmọ tó ń pe "ràkúnmí" ní "yàkúnmí" lónìí á pè é bẹ́ẹ̀ lọ́la, àṣìṣe rẹ̀ ní ìlànà. Ti ọmọ yín kò ní.

Ẹ fetí sí ohùn rẹ̀ pẹ̀lú, ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ máa ń gbé ohùn tọ̀nà kódà bí kọ́ńsónáǹtì bá dàrú, ẹ máa mọ ohun tó ń wí láti ara ohùn nìkan. Èyí tí mò ń sọ yìí lè tẹ́ gbogbo ohùn pẹrẹsẹ, tàbí kó máa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kó máa dúró láàárín sílébù méjì. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀.

Ní ti ọpọlọ: ní 1861, ní Párís, dókítà Paul Broca yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọkùnrin náà ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, "tan" nìkan ló lè fèsì. Ibi tó bàjẹ́ wà ní apá òsì, níwájú. Láti ìgbà yẹn ni a ti mọ̀ pé ibẹ̀ ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó máa ń kó ìdààmú bá òbí: bí wọ́n bá ya fọ́tò orí ọmọ tó ní dyspraxie, lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í rí nǹkan kan. Kò sí ọgbẹ́ níbẹ̀. Bí okùn inú ọpọlọ ṣe so mọ́ra láti inú oyún ló yàtọ̀. Ẹni tó bá wo fọ́tò náà tó ní "kò sí nǹkan, ọ̀lẹ ni ọmọ yín", kò wo ọmọ náà.

Ìdílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló là wá lójú. KE ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ìwé, kí orúkọ wọn má bàa hàn. Ìran mẹ́ta, nǹkan bí ìdajì nínú wọn ni ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn. Ní 1990 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa wọn. Ní 2001, Simon Fisher, Anthony Monaco àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé jíìnì kan (àṣẹ inú ara tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́) tí wọ́n ń pè ní FOXP2 ló yí padà lára wọn, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Faraneh Vargha-Khadem àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wo ọpọlọ wọn. Ibì kan tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní caudate, kéré lápá ọ̀tún àti lápá òsì ju ti àwọn ìbátan wọn tí ọ̀rọ̀ já lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tó ń sọ ohun tí a ń tún ṣe léraléra di bárakú fún ara. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ọpọlọ, ibi tí Broca rí yẹn kò jí tó bó ṣe yẹ.

Àwọn ọmọ díẹ̀ ni ti FOXP2. Àwọn jíìnì mìíràn wà, ti ọ̀pọ̀ kò sì tíì hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá ọmọ sọ pé òun náà pẹ́ kí òun tó sọ̀rọ̀, ẹ má fi ṣe ìtùnú kí ẹ sì jókòó. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ó ń tọ́ka sí ìdílé.

Bàbá Ṣèyí (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ ṣé o, àbúrò, fún àlàyé yìí. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, nítorí ẹnì kan lè máa kà á tí ọmọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìyá Ràmátù.

Ọmọbìnrin mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ń kọrin, ó ń bá màmá mi jà lórí àlọ́ tó bá fò níbì kan. Lẹ́yìn tó lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin, a bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, kò dáhùn. Ó ń gbọ́ ìdún mọ́tò, á yíjú, ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀rọ̀ sí i, á máa wò wá bí ẹni pé èdè mìíràn ni a ń sọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ń dínkù títí ó fi kù sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní adití ni. Àwọn kan ní àfojúdi. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kò sí nǹkan. Dókítà kan ní Kùtọnu ló ní ká ṣe EEG, àyẹ̀wò tó ń ka iná inú ọpọlọ, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n ṣe é nígbà tí ọmọ bá sùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Bí oorun bá ti gbé e, iná inú ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn gbàgbàgbà ní ẹ̀gbẹ́ orí, níbi tí ọpọlọ ti ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀. Ní ojúmọmọ kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Landau-Kleffner ni orúkọ rẹ̀, àwọn oníwádìí méjì tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1957 ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sí méje. Nǹkan bí méje nínú ọmọ mẹ́wàá ni gìrì máa ń gbé pẹ̀lú, àwọn mẹ́ta yòókù kò ní gìrì tí ojú lè rí rárá, ọmọ mi sì wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ronú kan ọpọlọ.

Oògùn wárápá àti oògùn kọ́tísọ́ọ̀nù ni wọ́n fún un. Dókítà nìkan ló lè yan èyí tó yẹ, nítorí oògùn wárápá mìíràn lè mú un le sí i. Ẹ má yá oògùn ọmọ aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kò tíì padà tán, ṣùgbọ́n ó tún ti ń bá màmá mi jà.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mú lọ: ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ má sùn lé e lórí.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kíkólòlò wà lára èyí? Tèmi ń sọ "mo-mo-mo-mo fẹ́", lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ orthophonie (Lomé)

Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Akólòlò mọ ọ̀rọ̀, ètò rẹ̀ wà, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń dí i. Nǹkan bí ọmọ márùn-ún nínú 100 ló máa ń kólòlò nígbà kan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á sì jáde kúrò nínú rẹ̀. Òun náà máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹ má ní kó "rọra sọ ọ́", ẹ má parí ọ̀rọ̀ fún un, ẹ wo ojú rẹ̀ kí ẹ dúró. Bó bá lé ní ọdún kan tí kò dínkù, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ mú un lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lódìkejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, lè sún mọ́ yín ju Kùtọnu lọ.

Ìyá Àgbà Ìlárá

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ti okùn ahọ́n, nítorí ìyá ọkọ ni èmi náà. Ìyàwó wa, má bá ìyá ọkọ rẹ jiyàn. Ìfẹ́ ọmọ ló mú un sọ ọ́, ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ nígbà tiwa ló rí. Jókòó tì í, kí o sì ní kí ọmọ yọ ahọ́n níwájú rẹ̀. Bí ahọ́n bá kọjá ètè, tó sì lè lá oyin ní igun ẹnu méjèèjì, bi í pé: "Màmá, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n gé?" Màmá á rí i fúnra rẹ̀. Ọmọ tó kígbe "fi mí sílẹ̀" tó já gaara, ahọ́n rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Abẹ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan abẹ́ ahọ́n ọmọ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ wà níbẹ̀.

Kí o sì mú màmá dání lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà pẹ̀lú rẹ, òun ló máa gbèjà ọmọ náà nílé.

Olùkọ́ Kétu

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ìyá Ràmátù, ẹ má fi Yorùbá sílẹ̀. Èdè méjì kì í fa àìsàn ọ̀rọ̀. Ṣebí gbogbo wa níbí ń gbọ́ Yorùbá, Faransé, àwọn mìíràn ń gbọ́ Fọ̀n àti Gùn lé e, tí ẹnu wa sì pé. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń ni lára, bí ẹ bá gba èdè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti gba èdè ìyá ìyá rẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, àwọn tó máa bá a sọ̀rọ̀ jù lọ. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sọ pé kó má fi í dúró níwájú kíláàsì kó tún ọ̀rọ̀ sọ. Kó béèrè ìbéèrè tó lè fi ọwọ́ tọ́ka dáhùn. Mo ní àwòrán lórí páálí tí mo gé fún ọmọ kan ní kíláàsì mi: omi, ìyàgbẹ́, ó ń dùn mí, ó tó, mo fẹ́ ṣeré. Láti ìgbà tó ti ní wọn, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ìbínú yẹn kì í ṣe ìwà, àìrí ọ̀nà sọ ni.

Ìyá Ràmátù (Kétu)

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó dákẹ́ lọ gbáà. Ọlọ́run á san án fún yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Bó bá ń fi ọwọ́ júwe tàbí fi páálí sọ̀rọ̀, ṣé kò ní ya ọ̀lẹ, kó má sọ̀rọ̀ mọ́? Kí ni mo sì lè máa ṣe nílé kí a tó rí orthophoniste? Wọ́n ní kí n máa mú un fẹ́ bàlúù kí ẹnu rẹ̀ lè lágbára.

Akẹ́kọ̀ọ́ orthophonie (Lomé)

Kò ní ya ọ̀lẹ. Ọmọ tó bá ti rí i pé wọ́n gbọ́ òun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á tún gbìyànjú. Bó bá ń fi ọwọ́ júwe, ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ náà lé e.

Ẹ fi bàlúù sílẹ̀, àti fífi ahọ́n lá nǹkan kiri. Ẹnu rẹ̀ kò ṣaláìlágbára. Ọ̀rọ̀ ni a fi ń kọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ yan ọ̀rọ̀ márùn-ún péré, èyí tó máa lò lójúmọ́ tó sì kúrú: "wá", "gbà", "omi", "ó tó", orúkọ àbúrò rẹ̀. Ẹ jókòó kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé. Ẹ kọ́kọ́ jọ sọ ọ́ pa pọ̀, lọ́ra, kí ó máa wo ẹnu yín. Bó bá ti ń rọrùn, ẹ dín ohùn yín kù, kí ẹnu yín máa ṣí láìsí ohùn. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́, kó sọ ọ́ tẹ̀ lé yín. Bó bá tún dàrú, ẹ padà sí jíjọ sọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, nínú eré, ó sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú. Àtúnsọ tó pọ̀ ni ọpọlọ fi ń mọ ọ̀nà yìí. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó lọ sí Kùtọnu, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fídíò kan jẹ́ ti ìgbà tó ń ṣeré tí kò mọ̀ pé ẹ ń ká a. Ẹ jẹ́ kí ìkejì jẹ́ ti ìgbà tó ń pe ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra, kí ẹnu rẹ̀ hàn dáadáa, kí iná wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí tó jókòó, tó rìn, tó kọ́kọ́ pe "ìyá", àti bó ṣe ń jẹun: ṣé itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ṣé oúnjẹ ń há a lọ́fun? Bí ìwọ̀nyí bá wà, ẹ tètè sọ fún wọn, nítorí àìsàn mìíràn wà tó ń mú iṣan ẹnu gan-an, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Dókítà lè rí ọmọ fún ìgbà díẹ̀ péré, ojú sì lè máa tì í lọ́jọ́ náà. Fídíò yẹn ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

Ìyá Ràmátù (Kétu)

Itọ́ kò dà, oúnjẹ kò há a. Mo ti ká ti eré. Màmá ló di fóònù mú fún mi.